Ọmọ ìyá mẹ́ta, ọ̀nà ẹ̀kọ́ mẹ́ta: ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ nípa kíkọ́ ọmọ níwèé nínú ilé

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa máa ń wí. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Ẹ̀gbá lónìí, bí òbí kan bá sọ pé òun ti mú àwọn ọmọ òun kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, pé inú ilé ni òun yóò ti máa kọ́ wọn níwèé, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn aládùúgbò ni pé owó ilé-ẹ̀kọ́ ni kò sí, tàbí pé àwọn ọmọ náà ní àìlera kan tí ìdílé kò fẹ́ kí ayé rí.

Ìdí méjèèjì a máa wà. Ṣùgbọ́n ìdí kẹta kan wà tí a kì í sábà sọ, òun sì ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Àwọn ọmọ kan wà tí etí wọn, ojú wọn tàbí awọ ara wọn kì í gba nǹkan bí ti àwọn ọmọ yòókù, tí ẹ̀kọ́ kì í sì í gba ọ̀nà tó gbà wọ orí ẹlẹgbẹ́ wọn wọ orí tiwọn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan nínú ilé, òbí lè fi gbogbo ara gbọ́ tirẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni ìgbà tí wọ́n bá di méjì tàbí mẹ́ta lábẹ́ òrùlé kan, tí ohun tí ọ̀kan ń fẹ́ sì jẹ́ ohun tí èkejì kò lè fara dà rárá. Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Nínú irú ilé yìí, ohun tí a ń ṣe fún ẹ̀gbọ́n ni èèwọ̀ àbúrò.

Kíkọ́ ènìyàn níwèé lẹ́yìn ògiri ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe àjèjì ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní 1859, ara èrò rẹ̀ ni pé kí àwọn tó ti mọ̀wé kà má ṣe fi ìwé kíkà sílẹ̀ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀ ní 1925, ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tó yá, ó ń kọ́ àwọn ìyálọ́jà ní ìwé kíkà. Ẹni tó bá sì ti ka Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1981, yóò rántí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó gbé ìwé dání, tó tẹ̀lé Tinú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí bàbá wọn jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò lé e padà. Ìlú yìí ti mọ̀ tipẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà kì í fi ẹsẹ̀ kan náà dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀kọ́.

Ilé kan ní Àṣẹ́rò

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ní Àṣẹ́rò ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ilé ẹnì kan pàtó; ohun tí òbí púpọ̀ ń bá pàdé ni a kó jọ sínú rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àkọ́bí jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún 11. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó ń gbọ́ràn, ó sì máa ń ka ẹ̀kọ́ inú ìwé rẹ̀ láìsí àṣìṣe. Ọjọ́ tí ẹnì kan ṣí ojú ìwé tí kò rí rí fún un ni àṣírí tú pé kò mọ̀ ọ́n kà. Ohun tí bàbá rẹ̀ ti kà sí i létí ló há sórí. Èkejì jẹ́ ọkùnrin, ọmọ ọdún 8. Bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ ìlọta ní ìkóríta, á fi ọwọ́ di etí, á sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n bá wọ aṣọ tí aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún un, tí okùn ara rẹ̀ ṣì ń họ ọ́ lára, á bọ́ ọ sọnù. Kì í sábà wo ènìyàn lójú, ó sì pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà ọkọ̀ tó kọjá níwájú ilé wọn láàárọ̀ tí kò lè kà fún yín ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún 6 ni ẹ̀kẹta, òun sì ni ìjì inú ilé. Kò lè jókòó. Ó ń gun fèrèsé, ó ń lu abọ́, ó ń fi ara gbá ògiri, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ wọn ti takora. Àbíkẹ́yìn ní láti máa mira, kí ó máa pariwo, kí ọkàn rẹ̀ tó lè dúró sójú kan. Ariwo yìí gan-an ló ń lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àkọ́bí ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò máa pe lẹ́tà sókè pẹ̀lú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí sì jẹ́ ohùn mìíràn nínú ilé. Ọwọ́ méjì péré ni ìyá wọn ní.

Ní ilé-ẹ̀kọ́, orúkọ mẹ́ta ni wọ́n fún àwọn ọmọ wọ̀nyí: ọlẹ, odi, àti ọmọ burúkú. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀.

Bí ara ti ń gbọ́ ayé

Ìwé tí a kà nígbà èwe wa sọ pé ọ̀nà márùn-ún ni ara fi ń mọ ohun tó ń lọ: ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara. Àwọn onímọ̀ ti fi kún un. Ọ̀kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tí kì í jẹ́ kí òòyì gbé wa ṣubú. Òmíràn wà nínú iṣan àti oríkèé, òun ló ń jẹ́ kí a mọ ibi tí ọwọ́ wa wà bí a tilẹ̀ di ojú. Gbogbo ìròyìn tí àwọn wọ̀nyí ń kó wá, ọpọlọ ló ń ṣà á, tó ń sọ pé èyí ṣe pàtàkì, èyí kò ṣe pàtàkì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì fiyè sí aṣọ tó wà lára yín láti àárọ̀. Ọpọlọ yín ti gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ kan wà tí ọpọlọ tirẹ̀ kì í gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni aṣọ náà ń bá a sọ̀rọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni èkejì ilé Àṣẹ́rò. Òmíràn sì wà tí ìròyìn ara rẹ̀ kéré lójú ọpọlọ, tó jẹ́ pé àfi kó fò, kó ti nǹkan, kó gbá nǹkan, kí ó tó mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ nìyẹn.

A. Jean Ayres, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ló gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1972, èrò rẹ̀ sì ti tàn káàkiri. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí mọ̀ pé àwọn oníṣègùn kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń tún irú ìmọ̀lára bẹ́ẹ̀ ṣe kò tíì pọ̀. Wọn kò sọ pé ìṣòro àwọn ọmọ náà kò sí. Ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2013, kò ka ìmọ̀lára tó le jù tàbí tó kéré jù sí àìsàn tó dá dúró, ṣùgbọ́n ó fi í kún àwọn àmì ọ́tísíìmù. Ẹni tó bá wá ń ta ẹ̀rọ tàbí ògùn olówó gọbọi fún yín pé yóò wo ọmọ yín sàn láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ bi í léèrè ẹ̀rí.

Kí ẹ tó pe ọmọ ní orúkọ kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a rò pé olóríkunkun ni, etí tó ti ṣọyún rí ló ń dà á láàmú. Ibà pọ́njú tó mú ọmọ ní kékeré tí wọn kò tètè tọ́jú lè ba etí jẹ́, àwọn abẹ́rẹ́ kan bíi gentamicin náà lè bà á jẹ́ bí a bá lò wọ́n ní ìlò àìtọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà, ibi tí wọ́n ti lè rí sí ojú àti etí. Ti Àrò, a óò padà wá sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àkókò ni kí a pín, kì í ṣe yàrá

Ìwé àwọn òyìnbó máa ń sọ pé kí òbí ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ìdákẹ́jẹ́, kí ó ya òmíràn sọ́tọ̀ fún eré. Ẹni tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ ní Láfẹ́nwá yóò kàn rẹ́rìn-ín ni. Ohun tí gbogbo ilé ní, ìbáà jẹ́ ilé olówó tàbí ti mẹ̀kúnnù, ni wákàtí. Ìdájí sì ni wákàtí tó dára jù ní Abẹ́òkúta. Láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ, lẹ́yìn tí ìpè àdúrà bá ti kọjá, ẹ̀rọ ìlọta kò tíì bẹ̀rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ṣì dákẹ́, oòrùn kò tíì ràn lórí páànù, bẹ́ẹ̀ ni òkúta kò tíì gbóná. Wákàtí yẹn ni kí ó jẹ́ ti ọmọ tí ariwo ń pa lára. Ẹ̀kọ́ tó bá le jù fún un ni kí a fi síbẹ̀.

Níbo ni àbíkẹ́yìn yóò wà ní àsìkò náà? Ó ti bá bàbá rẹ̀ lọ pọn omi. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n láti lé e kúrò nílé nìkan. Ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ ti rí i pé iṣẹ́ tó bá iṣan jà, bíi kí ọmọ gbé korobá omi tó bá agbára rẹ̀ mu, kí ó gbá àgbàlá, kí ó bá wọn fi ọwọ́ po nǹkan, a máa jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jókòó díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ogún ìṣẹ́jú ni ìjókòó rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a fi èédú kọ lẹ́tà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, kí a pe «gb», kí ó fò lé e. Ìyá tó bá ní dandan ni kí ó jókòó sórí àga kí ó tó kàwé, àga ló ń kọ́, kì í ṣe ìwé.

Ọmọ ọdún 8 ní tirẹ̀ kò fẹ́ ohun àìròtẹ́lẹ̀. Ẹ ya àwòrán iṣẹ́ ọjọ́ náà sórí páálí: ìwẹ̀, oúnjẹ, ìṣirò, eré, oorun. Bí wọ́n bá ti ṣe ọ̀kan tán, kí ó yọ ọ́ kúrò. Ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀, tàbí tí ìlù gángan àwọn eégún yóò kọjá ní àdúgbò, kí àwòrán rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ má gbàgbé òjò: òjò lórí páànù lè dà bí ẹni tí ń da òkúta sí ọmọ náà lórí. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ̀kọ́ dúró nìyẹn. Ẹ lè wá ohun ìbotí irú èyí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ńlá máa ń lò, ṣùgbọ́n kí ó má wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí etí rẹ̀ má baà gbàgbé ìró díẹ̀díẹ̀ tó yẹ kó mọ́ ọn lára. Ẹ má sì mú un lọ sí gáréèjì Kútọ̀ ní ọjọ́ ọjà nítorí pé ẹ fẹ́ kí ó «di ọkùnrin».

Àwọn àsìkò kan wà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pàdé, àwọn àsìkò wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí ilé jẹ́ ilé. Ọpọ́n ayò ni kí a kọ́kọ́ wò. Ojú 12 ló ní, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan. Àkọ́bí tí ìwé kò gbọ́ tirẹ̀ lè ṣírò rẹ̀ lórí, kí ó mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò parí sí kí ó tó kó o. Èkejì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé òfin rẹ̀ kì í yí padà. Àbíkẹ́yìn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Bí ìró ọmọ ayò lórí igi bá ń dun èkejì, ẹ tẹ́ àkísà kékeré sínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń jẹ́ ìyípadà tó bá ọmọ mu kò ju èyí lọ nígbà mìíràn: àkísà.

Adìrẹ ni ìkejì, Ìtòkú kò sì jìnnà. Nínú adìrẹ oníko, ọmọ yóò ka òkúta wẹ́wẹ́, yóò fi ìko so wọ́n mọ́ inú aṣọ ní ìlà-ìlà. Ìṣirò ni, iṣẹ́ ìka sì ni. Nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ, láfún tí wọ́n sè ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ sára aṣọ. Àbíkẹ́yìn yóò fẹ́ ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ̀kọ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ó kan òun rárá. Ẹ so ìyẹ́ náà mọ́ igi gígùn fún un, kí ẹ wo bí ìlà rẹ̀ yóò ti gún tó. Ṣùgbọ́n ẹ má mú un dé ìdí ìkòkò aró, nítorí òórùn rẹ̀.

Ọmọ jẹ́jẹ́

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí rò pé àkọ́bí ni ewu pọ̀ fún jù nínú ilé náà, òun sì ni ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ké la ń gbọ́. Ọmọ tó dákẹ́, tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, tó ń bọ́ àbúrò, tó ń sáré lọ gbá èyí mú tó sì ń lọ yọ tọ̀hún lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ayé ni yóò máa yìn ín pé ọmọ gidi ni. Pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, ó ti di ìyá kejì, kò sì tíì mọ̀wé kà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ó dára kí ọmọ ran ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ìrànlọ́wọ́ náà ní wákàtí tó ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sí. Ogójì ìṣẹ́jú kan gbọdọ̀ wà lójoojúmọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, bóyá ní alẹ́ tí àwọn yòókù bá ti sùn, tí ẹnì kankan kò ní rán an níṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ohun tó ń ṣe é ni àwọn onímọ̀ ń pè ní dísílẹ́síà. Ojú rẹ̀ ríran dáadáa, orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ìró ọ̀rọ̀ àti lẹ́tà tó dúró fún un kò so pọ̀ kánkán nínú ọpọlọ rẹ̀. Pàṣán kì í wò ó. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Samuel Orton àti Anna Gillingham, ti ń fi ojú, etí àti ọwọ́ kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣáájú wọn, Maria Montessori, oníṣègùn ará Ítálì, ti fi pépà tó họ́ra gé lẹ́tà kí àwọn ọmọ máa fi ìka tọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n pè ní aláìlèkẹ́kọ̀ọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Róòmù ní 1907. Sáńpépà àwọn káfíńtà ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Yanrìn tútù nínú tíréè ń ṣe é pẹ̀lú. Kí ọmọ fi ìka kọ lẹ́tà, kí ó pè é sókè bó ti ń kọ ọ́, kí ó pa á rẹ́, kí ó tún un kọ.

Ibi tí òbí Yorùbá ti ní àǹfààní tí òyìnbó kò ní rèé. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì wa ní, ohun tí a sì kọ ni a ń pè. Ọmọ tó bá ti mọ ìró àwọn lẹ́tà náà lè ka ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà kan náà a máa jẹ́ ìró mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà mìíràn kò ní jẹ́ nǹkan kan rárá, òun sì ni odi tí ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fi orí gbá. Nítorí náà, ẹ fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, àmì ohùn lè rú u lójú: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi etí kọ́ ọ ní ohùn wọ̀nyí, dò, rè, mí, kí ẹ lù ú lórí agolo, kí ẹ tó fi sórí ìwé. (Kí èkejì ti wà lẹ́yìnkùlé nígbà tí ẹ bá ń lu agolo.)

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fagi lé e nínú pálọ̀ yín.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni tàbí ẹ̀wọ̀n?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Nílẹ̀ wa, a ti fi ọmọ pamọ́ sínú ilé rí. Kì í ṣe pé àṣà Yorùbá kórìíra ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni òrìṣà ni àwọn baba ńlá wa ń pe abuké, arọ àti àfín, wọ́n sì ka fífi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ sí ẹ̀gàn sí Ọbàtálá. Ṣùgbọ́n ìtìjú ti wọ inú rẹ̀, tí ìdílé a fi máa sọ pé ọmọ náà ti lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, nígbà tó jẹ́ pé yàrá ẹ̀yìn ló wà. Ẹ lè fi ìbéèrè mélòó kan dá ilé-ẹ̀kọ́ inú ilé mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Ṣé ọmọ náà máa ń jáde? Ṣé ó ní ọ̀rẹ́ kan tí kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀? Ṣé ó mọ ohun kan lónìí tí kò mọ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ṣé ẹ sì lè fi hàn ẹlòmíràn?

Ìtìjú yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí òbí gbé ọmọ lọ sí Àrò. Ní ẹnu wa, Àrò ti di ọ̀rọ̀ èébú. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 ètò kan tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀: dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n sí ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa jẹun, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ láàárín ènìyàn bí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn náà ní àwọn oníṣègùn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ẹni tó bá gbé ọmọ lọ síbẹ̀ nítorí pé kò tètè sọ̀rọ̀ kò sọ pé ọmọ òun ya wèrè.

Ohun tí òfin wí

Òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí a mọ̀ sí UBE, ti ọdún 2004, sọ pé òbí gbọdọ̀ rí i pé ọmọ rẹ̀ parí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ipele kìíní girama. Ẹni tó bá kọ̀, ìbáwí ni ní ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìgbà kejì, owó ìtanràn 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, 5,000 náírà tàbí oṣù méjì tàbí méjèèjì. Òfin náà kò dárúkọ kíkọ́ ọmọ nílé ní tààrà, kò dà bí ti ilẹ̀ England tí òfin ẹ̀kọ́ wọn ti 1996 sọ pé òbí lè rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí kí ó kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn tó bá ọjọ́ orí àti ìṣòro rẹ̀ mu. Nítorí náà, òbí tó gbọ́n yóò kọ̀wé sí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, yóò tọ́jú ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ pẹ̀lú déètì lára rẹ̀, yóò sì máa tẹ̀lé ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba là sílẹ̀.

Lọ́wọ́ kejì, òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn, àti pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gbọdọ̀ gbà wọ́n, kí wọ́n sì ní ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ lè béèrè ẹni náà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní àdúgbò yín. Kò pọn dandan kí gbogbo ọmọ wà nílé nítorí pé ọ̀kan wà nílé. Ó ṣeé ṣe kí àbíkẹ́yìn ilé Àṣẹ́rò yẹn ṣe dáadáa ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ní pápá àti olùkọ́ onísùúrù, kí ilé sì dákẹ́ fún àwọn tó kù.

Ti owó ńkọ́? Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ mẹ́ta nílé kò sí ní ọjà. Àwọn baba wa kì í dá oko ńlá ro. Àáró ni wọ́n ń ṣe, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ìdílé mẹ́ta ní Ọbáńtokò lè ṣe àáró ọmọ. Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun, ìyá kan gba àwọn ọmọ tí ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ láti ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkejì gba àwọn tí ń fẹ́ fò. Ẹ̀kẹta wà nídìí òwò rẹ̀. Lọ́jọ́rú, wọ́n yí i ká. Ọmọ tí kò rẹ́ni bí i rí nínú ilé rẹ̀ yóò rí ẹlòmíràn tó ń di etí bíi tirẹ̀.

Ìdánwò ni ó kù. WAEC àti NECO ní ìdánwò fún àwọn tí kò ti inú ilé-ẹ̀kọ́ wá, èyí sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ọmọ tó kàwé nílé. Fún àwọn afọ́jú, JAMB dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2017, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí, tó ń ṣètò ìdánwò wọn lọ́tọ̀. Ọmọ tó bá ń fẹ́ àfikún àkókò tàbí yàrá tó dákẹ́ gbọdọ̀ ní ìwé láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn, kí wọ́n sì ti kọ̀wé béèrè kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí. Ọmọ ọdún 11 ni àkọ́bí wa yẹn. Ó ku ọdún bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà fún un, ìwé oníṣègùn náà kò sì tíì sí nílé.